Ta Ló Ń Kọrin Yẹn?

Ọ̀rọ̀ orin ni a mú wá lóṣù yìí. Kì í ṣe orin ẹgbẹ́ akọrin inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, bí kò ṣe èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú yàrá wọn, tí wọ́n ń pè ní bíìtì. Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Òṣú ni ó fà á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tí ó mọ iṣẹ́ náà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, òun ni ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un ní ọdún tí owó kòkó dára. Nígbà tí ó ku oṣù kan kí a ṣe ìdúpẹ́ ọdún 80 ìyá bàbá rẹ̀, ọmọ náà gbé fóònù sún mọ́ ẹnu màmá, màmá sì kọ orin kan tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà tí Olúwa gbé e dìde lórí àìsàn. Ọmọ náà gbé ohùn yìí sínú kọ̀ǹpútà. Ó fi ìlù sí i, ó fi béèsì sí i, ó fi kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta lé e. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, wọ́n tan orin náà, páànù orí ilé ń gbọ̀n, àwọn ọ̀dọ́ ń fò sókè. Màmá jókòó níwájú, ó tẹ́tí títí, ó wá yíjú sí obìnrin tí ó jókòó tì í, ó ní, "Ta ló ń kọrin yẹn?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó wá bá wa nílé. Ó ní, "Ẹ̀yin Pásítọ̀, owó kòkó ni mo fi ra nǹkan yẹn. Ó ti fi ariwo bo ìyá mi mọ́lẹ̀. Mo máa tà á." Ó fi kún un pé kì í ṣe sípíkà ni ó kó èrò jọ sí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní oṣù keje ọdún 1930, nígbà ìsọjí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Òótọ́ ni ó sọ. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Kí a tó dá ọmọ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, níbi ìwàásù ìta gbangba kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pàṣẹ fún arákùnrin tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ pé, "Fi kún un!" Ó fi kún un. Nígbà kẹta, èéfín ni ó jáde láti inú sípíkà. Lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀ pé kí etí ènìyàn tó lè gbọ́ ohùn bí ìlọ́po méjì, agbára tí ẹ̀rọ yóò lò ní láti tó bí ìlọ́po mẹ́wàá. Fífi kún un nìkan kò lè gbé wa débi tí a ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú kọ̀ǹpútà. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ohùn níbẹ̀, 0 sì ni òrùlé. Ohun gbogbo tí kò tíì dé òrùlé, ìsàlẹ̀ 0 ni ó wà: -6, -12, -20. Bí ohùn bá fẹ́ kọjá 0 nígbà tí ó ń jáde, kò sí ibi tí yóò lọ mọ́, orí rẹ̀ yóò gé, ohun tí a ó sì gbọ́ ni ohùn híhan, bí ìgbà tí sípíkà ya. Ohun tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ń ṣe bíìtì mọ̀ ni pé gbogbo ohun èlò pátápátá ni ó ń pín òrùlé kan ṣoṣo yìí. Bí ìlù ńlá bá ti fi orí kan òrùlé, kò sí àyè fún ohùn màmá àfi kí ó wólẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹ wo àwọn onídùndún. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú, kẹríkẹrì, ìsáájú, olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀, wọn kì í sì í bo ìyáàlù. Ìwé 2 Kíróníkà 5:13 náà sọ fún wa pé àwọn afunpè àti àwọn akọrin tẹ́ńpìlì dún bí ohùn kan ṣoṣo. A ò lè sọ pé afunpè kan ń bá akọrin jà níbẹ̀.

A lọ jókòó ti ọmọ náà ní yàrá rẹ̀, pẹ̀lú arákùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn ní Iléṣà. FL Studio ni ọmọ náà ń lò, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1990 nígbà tí wọ́n ń pè é ní FruityLoops. Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, arákùnrin náà bi í pé, "Ìgbà wo lo máa ń ṣiṣẹ́?" Ó ní, "Lóru ni sà, tí mo bá tan jẹ́nẹ́rétọ̀." Jẹ́nẹ́rétọ̀ náà rèé, abẹ́ fèrèsé rẹ̀ gan-an ni ó wà. Arákùnrin wa mi orí. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ń kùn ni ti jẹ́nẹ́rétọ̀, ó sì máa ń bo ohùn ìsàlẹ̀ bíi tirẹ̀ mọ́ wa létí. Nítorí náà, ọmọ náà kò gbọ́ béèsì rẹ̀ dáadáa, ó ń fi kún un, ó ń fi kún un. Nígbà tí a wá tan án nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sí jẹ́nẹ́rétọ̀ lábẹ́ fèrèsé, béèsì gbé gbogbo wa mì. A ní kí ó máa jẹ́ kí bátìrì kún nígbà tí iná bá wà, kí ó sì pa jẹ́nẹ́rétọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ wọn ohùn.

Lẹ́yìn èyí, ó fa gbogbo ohùn wálẹ̀ pátápátá, ohun gbogbo dákẹ́. Ohùn màmá ni ó kọ́kọ́ gbé dìde, òun nìkan. Láti ìgbà tí ó ti ń ṣe orin náà, kò tíì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. A gbọ́ èémí màmá, a gbọ́ bí ó ti ń fa ìparí ọ̀rọ̀. A gbọ́ nǹkan mìíràn pẹ̀lú: ohùn náà le gbagidi bí ẹ̀rọ. Ọmọ náà ti fi Auto-Tune sí i, èyí tí ń fa ohùn lọ sí orí nóòtì kíbọ́ọ̀dù tipátipá. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ohùn, ṣùgbọ́n a kò lè fojú fò ó. Nínú èdè Yorùbá, gbígbé ohùn sókè sódò ni ọ̀rọ̀: ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. A ní kí ó yọ ọ́ kúrò. Ta ni ó ní kí a tún ohùn ẹni 80 ọdún ṣe?

Ìlù ńlá ni ó tẹ̀lé ohùn màmá, ó gbé e wá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni béèsì. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta, ó pa méjì. Èyí tí ó ṣẹ́kù, ó gé ìdí rẹ̀ kúrò láti nǹkan bí 200 Hz sísàlẹ̀, kí ó má baà máa du àyè mọ́ béèsì lọ́wọ́, ó sì dín in ní 3 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì láàárín 2,000 sí 4,000 Hz, nítorí pé agbègbè ibẹ̀ ni àwọn kọ́ńsónáǹtì ti ń ṣe kedere létí. Ohùn màmá náà, ó gé ariwo atẹ́gùn tí fóònù gbà kúrò ní ìsàlẹ̀ 100 Hz. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ibi tí ohùn ga dé jùlọ lórí Master jẹ́ nǹkan bí -6. Ọmọ náà ní, "Ó ti rọlẹ̀ jù, sà." Arákùnrin wa ní kí ó fọwọ́ kan fọ́lúùmù sípíkà rẹ̀. Ó yí i sókè díẹ̀, orin náà sì kún inú yàrá láì han.

Ìdánwò kan tún wà tí a fẹ́ràn púpọ̀. Ẹ yí orin wálẹ̀ títí ẹni tí ó wà nínú yàrá kejì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ dára. Láti ọdún 1933 ni Fletcher àti Munson ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé bí ohùn bá ti rọlẹ̀, etí wa kì í gbọ́ béèsì dáadáa mọ́, bí a bá sì yí i sókè, béèsì yóò dà bí ẹni pé ó pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tí ń fi ariwo ńlá ṣe orin fi máa ń tan ara rẹ̀ jẹ. Kí ẹ sì gbọ́ ọ lórí sípíkà kékeré inú fóònù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìjọ yóò ti gbọ́ ọ.

Ọmọ náà ṣì bèèrè pé, "Orin àwọn tó kù ńkọ́, tó máa ń ròkè ju tèmi lọ?" Ìbéèrè tí ó dára ni. Ẹ̀rọ kan wà tí a ń pè ní limiter, òun ni a ń fi sí ìparí, tí ń tẹ orí àwọn ohùn tí ó yọrí jù, kí gbogbo orin lè sún mọ́ òrùlé. Kí ó tẹ̀ ẹ́ ní 2 tàbí 3 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, kí ó sì fi òrùlé sí -1, ó tó. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ jù wà. Ní 2008, ẹgbẹ́ olórin Metallica gbé àwo kan jáde tí wọ́n tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ wọn fúnra wọn kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un ṣe. (A kò ní kí ẹ lọ gbọ́ orin wọn o.) Lónìí, Spotify ń wọn orin kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú un wá sí nǹkan bí -14 LUFS, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n bí orin ṣe ròkè sí létí. Èyí tí ó bá ròkè jù, wọn yóò fà á wálẹ̀. Ẹni tí ó ti tẹ orin rẹ̀ pa kí ó lè ròkè ti pàdánù ìlù rẹ̀, kò sì jèrè ohun kan.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ etí náà wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà ni pé kí ènìyàn má gbọ́ ariwo 85 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bí ó bá fi 3 lé, àkókò náà di ìdajì. Bí ó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé jókòó síwájú sípíkà nínú ìsìn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi íápíìsì sùn. Àwọn aládùúgbò náà ní etí. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo. Ó dun àwọn kan nínú wa nígbà náà, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé wọ́n parọ́ mọ́ wa.

Ní ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, a kó ara wa lọ sí ilé màmá. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé fóònù sí etí rẹ̀. Màmá di ojú. Nígbà tí orin dé ìlàjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lẹ́nu, ó sì la ojú. Ó ní, "Èmi rèé. Ṣùgbọ́n ìlù yẹn ṣì pọ̀ díẹ̀, ọkọ mi."

Ọmọ náà ṣí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ó fa ìlù wálẹ̀ ní 2 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, ó sì tún un tàn. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé. Kò sọ̀rọ̀ títà mọ́. Ó bi ọmọ náà pé èló ni bátìrì tuntun fún nǹkan yẹn.