Géèmù Ọmọ Wa: Ṣé Iṣẹ́ Ọnà Ni?



Bí ọmọ bá jókòó ti géèmù láti ìgbà tó ti ilé ìwé dé, òbí a máa sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Àwọn ọ̀dọ́ a sì dáhùn pé iṣẹ́ ọnà ni, bí ìwé ìtàn tàbí àwòrán. Ta ni ká gbà gbọ́?

Níbí ní Zaria, irú àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo ọmọ Èkó wà lára wọn. Ọ̀nà àwọn Òyìnbó ni àwọn olùkọ́ wọn tẹnu mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní àwọn yóò mú èyí tó dára níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn baba wa ń gbẹ́, tí wọ́n sì ń kùn, ọnà ni òun náà. Lónìí, àwọn gan-an ni a ń kà sí àgbà nínú iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà.

Ẹ tún wo ògiri àwọn ilé àtijọ́ nínú Birnin Zaria, tí àwọn Hausa fi amọ̀ ṣe ọnà sí lára. Ilé tí ènìyàn ń sùn sí ni, síbẹ̀ ọnà ni. Lílò tí a ń lo nǹkan kò ní kó má jẹ́ ọnà.

Roger Ebert, ará Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ nínú ṣíṣe lámèyítọ́ fíìmù, kọ ọ́ ní 2010 pé géèmù kò lè di iṣẹ́ ọnà láé. Lára ẹ̀rí rẹ̀ ni pé géèmù ní òfin, ènìyàn sì lè borí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníjàlá a máa figagbága lójú agbo; ta ló wá sọ pé ìjàlá kì í ṣe ọnà? Ní 2012, Museum of Modern Art ní New York kó géèmù 14 sínú àkójọ rẹ̀. Pac-Man àti Tetris wà níbẹ̀.

Èmi gbà pé géèmù lè jẹ́ iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe àwíjàre fún ọmọ. Iṣẹ́ ló gbé lé òbí lọ́wọ́, nítorí ọnà a máa kọ́ ọkàn ènìyàn ní nǹkan.

Ẹ gbé Assassin's Creed Mirage yẹ̀ wò, èyí tó jáde ní 2023. Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ni wọ́n yà sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjà, mọ́sálásí àti Ilé Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àlàyé nípa ìtàn ìlú náà tún wà níbẹ̀ fún kíkà. Ó dùn ún wò! Ṣùgbọ́n apànìyàn ni ẹni tí ọmọ ń darí. Nínú ìwé ìtàn, ọmọ ń wo apànìyàn; nínú géèmù, ọwọ́ ọmọ gan-an ló ń fa ọ̀bẹ yọ. Ibẹ̀ ni agbára ọnà yìí wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 17 sókè ni wọ́n ní ó wà fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fa wáyà yọ, ẹ jókòó ti ọmọ yín fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ bi í pé: "Ta ni o jẹ́ nínú eré yìí? Kí lo gbọ́dọ̀ ṣe kí o tó borí?" Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi èyí tó yẹ kí ẹ fàyè gbà hàn yín, àti èyí tó yẹ kí ẹ kọ̀. Bí àkókò ìrun bá sì tó, kí ẹ̀rọ náà sinmi.

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.