Kọ́nà Ẹ̀fọ̀n kì í sáré, àwa là ń sáré

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lónìí. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wọgbó lọ́nà Àrámọ̀kọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ohun kan náà lẹ máa ń kọ sábẹ́ fọ́tò: "Kọ́nà yẹn burú." "Kọ́nà yẹn ń mu ẹ̀jẹ̀." Èmi ò gbà o. Kọ́nà kì í kúrò níbi tó wà. Àwa là ń sáré wọ inú ẹ̀.

2/ Ẹni tó bá mọ apá ibí mọ̀ pé ilẹ̀ wa ò tẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá kúrò l'Ádó, tẹ́ ẹ kọjá Ìgèdè àti Àrámọ̀kọ, tẹ́ ẹ wá ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n tàbí Iléṣà, òkè ló máa pàdé yín. Ọ̀nà tó ń yí òkè po ò lè gún. Kọ́nà ò ní tán níbẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ ká mọ bá a ṣe ń yà á.

3/ Kí ló ń di ọkọ̀ mú nínú kọ́nà? Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ọwọ́ dírẹ́bà. Ibi tí táyà mẹ́rin ti kan ilẹ̀ ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ní táyà kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin! Orí ẹ̀ ni ẹ̀mí yín, ti màmá yín àti gbogbo àpò gàrí inú búùtù wà.

4/ Ìṣirò rèé. Ẹ wọ kọ́nà kan ní 40 km/h, táyà máa nílò ìwọ̀n agbára kan láti di ilẹ̀ mú. Ẹ wọ kọ́nà yẹn kan náà ní 80: kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Kódà láti 40 sí 60, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ. Dírẹ́bà tó ní "mo kàn fi díẹ̀ kún un ni", kì í ṣe díẹ̀ lójú táyà.

5/ Kò dá yín lójú? Ẹ yá mọ́tò rìmóòtù àwọn ọmọ ilé yín. Ẹ sá a lórí táìlì, kẹ́ ẹ yà á lójijì: á yọ̀, ìdí ẹ̀ á yí. Ẹ gbé e sórí kọnkéré tó gbẹ: á yà. Ẹ wá da iyanrìn díẹ̀ sórí kọnkéré yẹn, kẹ́ ẹ tún wò ó. Mọ́tò ò yàtọ̀, eré ò yàtọ̀. Ohun tó wà láàárín táyà àti ilẹ̀ ló yàtọ̀.

6/ Àwọn tó ń fi mọ́tò rìmóòtù díje gan-an, táyà tí wọ́n ń lò lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀, èyí tí wọ́n ń lò lórí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀tọ̀. Mọ́tò ìṣeré o! Tiwa tó kó èèyàn méje ńkọ́?

7/ Èyí ló ṣe pàtàkì jù: agbára kan ṣoṣo ni táyà ní, ó sì ń pín in ni. Tó bá ń fi gbogbo ẹ̀ dá ọkọ̀ dúró, kò ní ṣẹ́ ku èyí tó máa fi yà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń lọ tààrà sínú gọ́tà nígbà tí dírẹ́bà bá já lu bíréèkì láàárín kọ́nà. Ẹ dín eré kù níbi tí ọ̀nà ti gún, kí kọ́nà tó dé. Gíà kékeré lẹ fi sọ̀ kalẹ̀ òkè, ẹ má fi sí fíríì torí epo. Ẹ má tẹná títí ojú ọ̀nà fi máa là. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín ń gun igi.

8/ Tí òjò bá rọ̀, omi máa ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ láti ara òkè wá sórí ọ̀dà. Ìlà ojú táyà ló ń fa omi kúrò lábẹ́ ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní ìlà yẹn ò gbọdọ̀ kéré sí mílímítà 1.6. Táyà tó ti pá lórí ò ní ibi tó máa gbé omi sí. Orí omi ló ń sáré.

9/ Mo ti gbọ́ yín: "Owó dà?" Òótọ́ ni. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà wọn ní Port Harcourt pa ní 2007. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ò fàyè gba táyà tòkunbọ̀ ọkọ̀ kékeré, àmọ́ ó kún ìta gbogbo fọkanáísà. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára DOT ẹ̀gbẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. FRSC ní kéèyàn má lò ó kọjá ọdún mẹ́rin. Táyà tuntun wọ́n, mo gbà. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni kéèyàn dín eré kù.

10/ Ẹ̀yin èrò náà, ẹ lanu. A máa ń dákẹ́ torí pé dírẹ́bà jù wá lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra" kì í ṣe àrífín. Tẹ́ ẹ bá dé gáréèjì, ẹ wo táyà kẹ́ ẹ tó béèrè bóyá AC ń ṣiṣẹ́.

11/ Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà, mi ò sì ní kí ìjọba má dí kòtò. Kí wọ́n dí i, kí wọ́n ri àmì kọ́nà mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ yéé purọ́ mọ́ òkè. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí dírẹ́bà kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn.