Kì í Ṣe Ẹ̀rọ Ló Ya Àwòrán

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ní Agblangandan, tí ó tó àkókò kí a gbé e jù sẹ́yìn. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ṣe àjọ̀dún, bí ìdílé kan bá ń palẹ̀ mọ́ fún ìsìnkú àgbà, bí oníṣòwò kan bá fẹ́ ṣí ìsọ̀ tuntun lẹ́bàá títì tó lọ sí Àjàṣẹ́, wọn a ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́ kan tó ní kọ̀ǹpútà. Wọn a ní: «Àbúrò, bá wa ṣe àfíìṣì kan kíákíá, kò ní gbà ọ́ lákòókò.» Bí àbúrò bá dárúkọ owó, ojú wọn a yí padà. Wọn a bi í pé: «Ṣebí ẹ̀rọ ló ń ṣe é?»

Mo fẹ́ fèsì sí ìbéèrè yẹn nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, nítorí àwọn tó ń béèrè rẹ̀ kì í ṣe àjèjì: àwa ni. Èsì mi kò gùn: ẹ̀rọ kọ́. Iṣẹ́ ẹni tí àwọn Faransé ń pè ní graphiste, tí n ó máa pè ní ayàwòrán níhìn-ín, wà nínú ìrònú tó ṣáájú ìgbà tí ọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìrònú náà ni iṣẹ́. Ẹni tó bá gba ìrònú ẹlòmíràn, tí kò san nǹkan kan fún un, tí kò sì dárúkọ rẹ̀, olè ni, bí ó tilẹ̀ wọ agbádá ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí wá láti ẹ̀bá wa. Èkó kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ti kọjá ibodè Kraké ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Lemi Ghariokwu ní ọdún 1955. Kò jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ ọnà kankan. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́. Ní ọdún 1974, àwòrán Bruce Lee kan tí ó yà wà lára ògiri ilé ọtí kan. Akọ̀ròyìn kan, Babatunde Harrison, rí i níbẹ̀, ó sì ní kí ó ya Fẹlá. Lemi yà á. Nígbà tí Fẹlá fojú kan àwòrán náà, ó yìn ín, ó sì mú owó jáde. Ọmọkùnrin tí kò tí ì pé ogún ọdún náà kò gba owó. Ó ní ẹ̀bùn ni. Fẹlá bá kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa wọ gbogbo ibi tí òun bá ti ń ṣeré láìsanwó. Ní ọdún kan náà ni ó gbé páálí àwo orin «Alagbon Close» fún un ṣe. Páálí àwo 26 ni Lemi ṣe fún Fẹlá lápapọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, tí ó ń wí pé: «Ẹ ò rí i? Òun náà ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.» Rárá o. Ẹ tún ìtàn náà kà. Fẹlá ni ó kọ́kọ́ na owó. Lemi ni ó yàn láti fi iṣẹ́ rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó fi nǹkan rẹ̀ ta ni lọ́rẹ, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a já tirẹ̀ gbà mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ wá wo páálí «Alagbon Close» fúnra rẹ̀. Alagbon ni àgọ́ ọlọ́pàá ní Èkó tí wọ́n ti Fẹlá mọ́. Nínú àwòrán náà, Fẹlá dìde, ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ já. Ilé túbú fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilé Fẹlá tí ó sọ ní Kalakuta dúró digbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Nínú omi, ẹja àbùùbùtán dojú ọkọ̀ ọlọ́pàá dé. Ẹ̀rọ wo ni ó mọ̀ pé àbùùbùtán ló yẹ kí ó gbèjà akọrin? Ta ni ó pinnu pé kí ilé kan wó, kí èkejì dúró? Ìpinnu nìyẹn, ìpinnu sì ni ọmọ tí ìrònú ń bí. Lemi a máa jókòó ti orin, a gbọ́ ọ tán, a bá Fẹlá jíròrò, kí ó tó mú kálàmù. Fẹlá kì í sì í pàṣẹ ohun tí yóò yà fún un.

Ní ọdún 1976, ó ṣe páálí «Yellow Fever», orin tó ń bá àwọn tó ń bóra wí. Ẹni tó bá rí ara obìnrin inú àwòrán náà kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ orin fún un, àwa náà sì mọ̀ pé ìpara abóra kò tí ì kúrò lọ́jà wa. Ní ọdún 1989, fún «Beasts of No Nation», ó fi ìwo sí orí Botha ti Gúúsù Áfíríkà, Thatcher ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Reagan ti Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò ka ìwé ìròyìn, tí kò mọ bí ayé ṣe ń lọ, kò lè ya irú rẹ̀, bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tilẹ̀ wọ́n tó owó ilé. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, aáwọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì lórí páálí kan, Lemi sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ kí wọ́n tó tún padà ṣiṣẹ́ pọ̀. Èmi rí ẹ̀kọ́ nínú aáwọ̀ náà. Ọwọ́ lásán kì í bá olówó rẹ̀ jiyàn lórí ìtumọ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ní èrò ló ń jiyàn.

Àṣà àjèjì kọ́ ni mò ń gbé wá o. Kí ìwé títẹ̀ tó dé, àwọn baba wa ní Kétu ti ń fi igi ṣe àfíìṣì. Kí ni igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí kì í bá ṣe ìkéde tí a gbé lé orí? Ojú tútù nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlú lókè: ejò, ẹyẹ, ọlọ́jà, alùpùpù. Àwùjọ a wò ó, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì gbọ́ ìbáwí. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye nínú ogún àṣà aráyé. Àwọn baba wa kì í sì í gbàgbé orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Olówè ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì kú ní ọdún 1938. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà «aláìlórúkọ», tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ère wa ní mùsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ òkèèrè, àwọn tó kó ère lọ ló kọ ọ́. Àwọn baba wa kọ́. Kí ló dé tí àwa náà fi ń kọ ọ́ sára ọmọ wa, nínú ilé ara wa?

Fún àwa tí à ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún kọjá owó. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ọ̀kan ni ó fẹ́ ìyàwó, a fi èkejì ro oko, a wọ ẹ̀kẹta lọ sí Àjàṣẹ́. Ayàwòrán tó bá gé àmì ohùn dànù nítorí pé lẹ́tà tó yàn kò lè gbé e, ìtumọ̀ ni ó gé. Ìṣòro wa tún jẹ́ méjì: ní Nàìjíríà, wọn a fi àmì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ọ àti ẹ, ní Benin, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa fún wa ní ɔ àti ɛ. Ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí òǹkàwé rẹ̀ ń kà. Ní Èkó, Seyi Olusanya wo àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ dáńfó, ó sì ti ibẹ̀ ṣe odidi irú lẹ́tà kan tí ó pè ní Danfo, tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà lórí Google Fonts. Àìmọye ènìyàn ló ń wọ dáńfó lójoojúmọ́. Ẹni tó ronú ló rí ohun tó wà lára rẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni kíláàsì. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ wa tí etí ìwé wọn kún fún àwòrán tó ń sọ̀rọ̀. Òbí a rí i, a fà á ya: dókítà ni òun fẹ́, tàbí aṣọ́bodè, tàbí òṣìṣẹ́ báńkì. Èmi kò lè dá òbí náà lẹ́bi tán, nítorí ohun tó ń rí lójúde ló ń sọ. Ó ń rí i pé a kì í sanwó fún ayàwòrán. Àwa tí a kò sanwó ni a kọ́ òbí ní ẹ̀kọ́ tí òun náà ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2019 ni Africa Design School ti wà ní Cotonou, lábẹ́ Sèmè City, tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti gbà pé ìmọ̀ ni. Kí ni ọmọ Agblangandan yóò lọ wá níbẹ̀, bí ìlú tó ń padà bọ̀ sí kò bá kà á sí iṣẹ́?

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò ní àpò ẹgbẹ́ gbẹ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìnáwó àjọ̀dún kan: a san owó àga àti àtíbàbà, a san ti onílù, a san ti alásè, a san ti ilé ìtẹ̀wé tó tẹ àfíìṣì náà. Ẹni tó ronú ohun tí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀ nìkan ni a fún ní omi tútù, tí a sì sọ fún pé Ọlọ́run yóò san án. Bí owó bá kéré, kí a sọ iye tó wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ayàwòrán gbà tàbí kí ó kọ̀. Bí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, kí ó jẹ́ pé òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn yóò ní ẹ̀rọ tuntun ti dé, tó ń ya àwòrán bí a bá ti pàṣẹ fún un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn ti yà ṣáájú ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Bí a bá fi ebi lé àwọn ayàwòrán kúrò nídìí iṣẹ́, kí ni yóò jẹ lọ́la?

Nítorí náà, mo gbé àbá mẹ́ta wá fún ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Èkínní, kí owó ayàwòrán wọ ìwé ìnáwó gbogbo àjọ̀dún, kí a sì fẹnu kò lórí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, kí orúkọ rẹ̀ máa wà ní igun àfíìṣì àti nínú ìwé ìròyìn yìí, gẹ́gẹ́ bí orúkọ òǹkọ̀wé ti ń wà. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó mọ Yorùbá kọ dáadáa jókòó ti ayàwòrán láti yẹ ọ̀rọ̀ wò kí iṣẹ́ tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, kí àmì ohùn má baà ṣubú lọ́nà.

Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ṣe tiwọn. Ó wà lára ògiri wa gbogbo. Ti ẹnu wa ló kù, àti ti àpò wa.