Ọ̀rọ̀ náà "Le"

Bàbá kan ní Ẹdẹ kọ̀wé sí wa pé, lẹ́yìn àdúrà agboolé, ọmọbìnrin òun bi òun léèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, Ọlọ́run sọ fún Jóṣúà pé kí ó mú àyà le. Àyà Fáráò náà le, ó sì ṣègbé. Èwo ni kí á ṣe?" Ó jẹ́wọ́ pé òun jágbe mọ́ ọmọ náà. A kò yìn ín fún èyí, ṣùgbọ́n a yìn ín pé ó kọ̀wé.

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, kò ṣì í rárá. Nínú èdè Hébérù pàápàá, ọ̀rọ̀ kan náà, hazak, ni a fi gba Jóṣúà níyànjú tí a sì fi sọ ti ọkàn Fáráò.

Ní tiwa, iṣẹ́ "le" pọ̀. Bí a bá ní, "Ṣé ara le?" ìlera ni à ń béèrè. Iṣẹ́ tí ó le a máa dáni lágara. Ẹni tí ojú rẹ̀ le, àwọn ọmọdé a sá fún un. Kí a má sì ṣe pè é ní "lè" tàbí "lé", nítorí ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ó yẹ kí ará Ẹdẹ mọ èyí, níwọ̀n bí Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ láti 1946 dé 1975, ti jẹ́ ọ̀gá nínú lílu dùndún, ìlù tí ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀.

Dùndún yìí gan-an ni a ó fi dá ọmọ náà lóhùn. Awọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ le kí ó tó dún. Bí ọ̀rinrin bá mú un, onílù a sá a sí oòrùn. Síbẹ̀, bí ó ti le tó nì, bí onílù bá fi apá fún ọsán rẹ̀, ohùn á gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àyà Jóṣúà: ó le sí ẹ̀rù, ó sì ń gbọ́ ti Ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Ti Fáráò yigbì. Ìyọnu mẹ́wàá kàn án, kò yí padà. Nígbà tí ó tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lọ, ó tún lé wọn títí dé òkun.

Kí bàbá náà pe ọmọ rẹ̀ padà, kí ó sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ èyí fún un. Bí ó bá wá bi í léèrè ìdí tí a fi kọ ọ́ pé Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ni ó mú àyà Fáráò le, kí ó mú un tọ pásítọ̀ wọn lọ, nítorí àyè wa ti tán.