Lámèyítọ́ Ni Tàbí Yẹ̀yẹ́?

Ẹjọ́ ara mi ni n ó kọ́kọ́ rò nínú àpilẹ̀kọ yìí kí n tó kan ẹnikẹ́ni lára.

Ní alẹ́ àṣà tí ẹgbẹ́ wa ṣe ní ọdún tó kọjá, wọ́n fi mí ṣe ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta. Ewì ni a ń retí, àti ìjálá, àti ẹkún ìyàwó. Àfi bí ọmọkùnrin kan ṣe gun orí ìtàgé, ó dojú fìlà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, ó ní ràápù ni òun fẹ́ ṣe. Ọmọ Ògù ni, láti Ajara, ní Àgbádárìgì tí òyìnbó sọ di Badagry. Iṣẹ́ ẹja ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Kò ní ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan lẹ́yìn. Òun ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀, òun ni ó ń san owó ìlù, òun náà ni ó ń fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ polówó ara rẹ̀.

Kí a má parọ́, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, orin náà wọ gbogbo wa lára. Nígbà tí ó yá, ó kan ibi tí ó ti fẹ́ yin bàbá rẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ wí ni pé ọkọ̀ bàbá òun, ọkọ̀ tí bàbá fi ń pẹja, ni ó rán òun ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ìlù ti ń sáré, ọ̀rọ̀ ti ń ti ọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ráyè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ohun tí etí wa gbọ́ ni "ọkọ bàbá mi ló rán mi nílé ìwé." Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n ní kí n ṣe ìdájọ́ ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo bi í pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ta wá ni ìyàwó nínú ilé yín?" Ẹ̀rín tún gba ilé kan. Mo ní èyí tí ó ṣe yìí kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe ewì, kì í ṣe orin, mo ní kí ó lọ kọ́ èdè onílé dáadáa kí ó tó wá fi jó lójú agbo. Máàkì méjì nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Inú mi dùn sí ara mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí ni ọmọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó mú ìwé àjákọ kan jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti mọ ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé gbogbo rẹ̀ ni kì í ṣe Yorùbá. Ẹ bá mi fa ìlà sí abẹ́ àwọn tó kù." Mo ní kí ó fi ìwé náà sílẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ gbogbo, ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ibi méjì ni mo rò pé mo ti mú un. Nígbà tí mo yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, òun ni ó tọ̀nà, èmi ni n kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Bí mo ṣe dá ìwé rẹ̀ padà láì fa ìlà kan nìyẹn. N kò rí ojú rẹ̀ wò.

Kí wá ni mo ń ṣe lórí ìtàgé lọ́jọ́ náà? Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé lámèyítọ́ a máa wo ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ ṣe, a máa wo ọgbọ́n tí ó fi ṣe é, kí ó tó sọ ibi tí ó ti yọrí àti ibi tí ó ti kùnà. A ń ṣe èyí fún Fágúnwà, a ń ṣe é fún Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀. Bí ó bá wá di ti ọmọ tó dojú fìlà kọ ẹ̀yìn, yẹ̀yẹ́ ni a máa ń ṣe, a ó sì pe yẹ̀yẹ́ náà ní ìfẹ́ èdè.

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì mọ̀ pé ọ̀nà olórin ni. Ọjà Alábà wà níbẹ̀ ní Ọjọ́. Nígbà tí sídì ń tà, ibẹ̀ ni olórin tí kò ní ilé iṣẹ́ ti ń lọ bẹ àwọn oníṣòwò. Wọn a tẹ iṣẹ́ rẹ̀, wọn a tà á. Àwọn olè inú wọn a sì kó orin ènìyàn bí ogún pọ̀ sínú sídì kan ṣoṣo, olórin kò ní rí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo dánfó a máa kọ ọ́. Ní Ọjọ́ yìí náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, níbi tí CDQ ti kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé, kí "Indomie" tí òun àti Olamide jọ ṣe ní 2014 tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Sídì ti kógbá wọlé báyìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ Ajara ń gbé orin sí, owó tí ó sì ń ti ibẹ̀ wá kéré. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè gbọ́ orin kan ní Nàìjíríà kí ohun tí yóò kan olórin má tó owó ọkọ̀ láti Àgbádárìgì dé Mile 2.

Owó wá nìkan kọ́ ni ilé iṣẹ́ ń pèsè. Ilé iṣẹ́ a máa ní ẹnìkan tí ó jókòó, tí yóò gbọ́ orin kí ayé tó gbọ́ ọ, tí yóò sọ pé, "Ìlà yìí kò dára, padà lọ tún un ṣe." Olórin tó dá dúró kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ àṣìṣe rẹ̀ fún un ni èrò, nígbà tí orin ti jáde tán. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ́ wọ́. Ó ní ìsàlẹ̀ ni ẹ kò wò. Àwa tí a mọ èdè yìí ni ó yẹ kí a wo ìsàlẹ̀ fún un, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn.

N kò sọ pé kí a máa pọ́n wọn. Ẹ wo orin ìsìn. Nígbà tí àwọn òyìnbó oníwàásù dé (Àgbádárìgì kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí ní 1842), wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá há inú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ sì ń dojú rú lẹ́nu àwọn olùjọ́sìn fún ọdún púpọ̀. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà tó wà ní Marina l'Ékòó, kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó sì lọ sùn. Ó wo bí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ṣe yẹ kí wọ́n bá ara wọn rìn, ó kọ orin tirẹ̀ láti fi hàn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ìyẹn ni mo pè ní lámèyítọ́. Ti ràápù tilẹ̀ rọrùn ju ti orin ìsìn lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Kò sí ohùn orin tí ó fi dandan gbé e gòkè. Eré sísá ni ó ń ba ohùn jẹ́. Bí mo bá jẹ́ adájọ́ gidi lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí ǹ bá sọ kò ju èyí lọ: "Ọ̀rọ̀ inú ìlà yẹn ti pọ̀ jù fún ìlù rẹ. Yọ méjì kúrò, kí ọkọ̀ lè rí ibi gúnlẹ̀ sí."

Àwọn kan yóò sọ pé olórin tó dá dúró, tí a ń bú, tí kò sì jáwọ́, àṣà tuntun ni. Rárá o. Rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí Haruna Ìṣọ̀lá ṣe ní 1948, tí ó fi yin Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tà. Kò jáwọ́. Lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, ó tún orin náà ṣe ní 1955, òun ni ó sì sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1969, òun àti I. K. Dáíró dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, STAR Records, kí wọ́n má baà máa wo ojú òyìnbó mọ́. Bí èèyàn bá sì rò pé àwọn ọmọ ràápù ni ó kọ́kọ́ ń fi orin fèsì orin, kí ó bi àwọn tó gbọ́ fújì Barrister àti Kollington ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Nínú àwọn tó ń fi Yorùbá ṣe ràápù, Reminisce ni mo rí bí ẹni tí ó mọ ẹ̀gàn gbé jù. Rẹ̀mílẹ́kún Ṣàfarù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ajílété ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí àkójọ orin rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 2012. Ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni LRR. Ní 2013 ó ṣe Alága Ìbílẹ̀, ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà sì kà á mọ́ olórin ràápù méje ní àgbáyé tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ ní 2014. Síbẹ̀, nílé níbí, àwọn tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn ń pe òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ará oko. Kò bá wọn jà nínú ìwé ìròyìn. Ó mú orúkọ èébú náà, ó fi ṣe àkọlé orin, "Local Rappers", ní 2015, ó pe Olamide àti Phyno tí ń fi Ìgbò ṣe tirẹ̀ sí i. Àríyànjiyàn ńlá ni orin náà dá sílẹ̀. Mo gbà pé ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n èébú lórí èdè àti ibi tí a ti bí ènìyàn nìkan ni irú èsì yẹn bá mu. Bí ẹnìkan bá sọ pé ìlà rẹ kò dára, orin kò lè dáhùn ìyẹn, àfi kí o tún ìlà náà ṣe.

Olamide fúnra rẹ̀, ọmọ Bàrígà, ti ṣe méjèèjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2016, nígbà tí inú bí i lórí àmì ẹ̀yẹ Headies, ó bú Don Jazzy lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀, èébú náà kò sì ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ní 2017, Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera ti ìjọba àpapọ̀ ní fídíò "Wo!" tàpá sí òfin tábà ọdún 2015. Ìyẹn dárúkọ òfin, ó tọ́ka sí ibi tí ó ti bà jẹ́. Olamide fèsì pé kò sí ní èrò òun láti polówó tábà. Ẹ rí i pé nígbà tí ẹ̀sùn ní ojú, èsì náà ní ojú.

Ọmọ Ajara wa yìí ní ẹ̀gàn mìíràn tí àwọn wọ̀nyí kò ní. Nílé, àwọn àgbà Ògù ń bi í pé kí ló ṣe èdè tiwọn tí ó fi ń fi Yorùbá kọrin. Ní ọ̀dọ̀ wa, a ní kí ó lọ kọ́ èdè onílé. Èmi tí mo sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé Àjàyí Crowther, tí a ń pè ní bàbá ìwé Yorùbá, gbé Àgbádárìgì láti oṣù kìíní 1845 títí di 1846 kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún un. Àwọn Ògù ni onílé nígbà náà, bàbá ìwé wa ni àlejò.

Ó ń fi èdè méjèèjì ṣe é báyìí, Ògù nínú ẹsẹ̀ kan, Yorùbá nínú èkejì. Oṣù tó kọjá ni ó tún mú ìwé tuntun wá, orin mẹ́fà tí ó fẹ́ gbé jáde. Ó bá mi lójijì pé ó tún padà wá sọ́dọ̀ mi. Ti Ògù, n kò gbọ́, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Lórí ti Yorùbá, mo ti fa ìlà sí abẹ́ ibi mọ́kànlá, mo kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fa ìlà méjì sí abẹ́ ibi mẹ́rin tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń jowú. Lọ́jọ́ Sátidé ni n ó mú un lọ fún un ní Ajara. Ó ní kí n tètè dé, kí n lè bá bàbá òun kí ó tó ti ọkọ̀ sómi.