Ilé Òfìfo Nígbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Jos! Àsìkò tó tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò lọ sílé. Àwọn ayálégbé náà yóò lọ. Àwọn mìíràn yóò kúkú kó jáde. Onílé yóò ti ìlẹ̀kùn, yóò fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó di Ọ̀fà, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé òfìfo wọ̀nyí ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìlú yìí ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà, òtútù rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ìlú Òyìnbó, omi a máa dì nínú páìpù ilé òfìfo títí páìpù yóò fi bẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbẹ ni ọyẹ́ tiwa fi ń ba ilé jẹ́. Pákó ìlẹ̀kùn a máa súnkì, a sì là. Koríko ẹ̀yìnkùlé a gbẹ bí ìṣáná. Ẹnìkan dáná sun pàǹtí, afẹ́fẹ́ gbé e, kò sì sí ẹni nílé tí yóò da omi sí i. Bí ilé wa bá jó, ti aládùúgbò tí ó gbà wá lálejò lè bá a lọ. Ojú wo ni a ó fi wò ó?

Nítorí náà, kí onílé tó wọ ọkọ̀, kí ó ṣe nǹkan mẹ́rin. Èkíní, kí ó ro koríko yí ilé ká, kí ó sì kó pàǹtí kúrò. Èkejì, kí ó pa iná mànàmáná láti ìdí mítà, nítorí iná tí ó bá padà dé tagbáratagbára lè mú kí wáyà gbiná. Ẹ̀kẹta, kí ó fi ọ̀dà kun pákó ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ó sì kan páànù tí ó bá ti tú, nítorí òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de onílé. Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jù, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ kan lé ẹni tí kò lọ sílé lọ́wọ́, kí ẹni náà máa ṣí ilé wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọn yóò jí i lẹ́rù. A dáhùn pé ilé tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò ni olè ń kọ́kọ́ wọ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Owó ilé yìí ni a fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ, òun ni àwọn àgbà wa fi ń jẹun. Ẹni tí kò bá ní aládùúgbò tí ó fọkàn tán, kí ó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹgbẹ́ yóò wá ẹni fún un.

Kí Ọlọ́run mú wa lọ, kí ó mú wa bọ̀, kí a sì bá ilé wa lórí ìdúró.