Àgbò Tí Ó Fẹ̀yìn Rìn

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́bàá ọjà Ẹgbẹ́dá — Ẹgbẹ́dá tiwa ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe èyí tí àwọn awakọ̀ Èkó ń pariwo orúkọ rẹ̀ — níbi tí ó ti ń to fídíò ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà fún àwọn ará àdúgbò, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí iwájú ilé mi, ó dì í mọ́ àyà bí ẹni tí ó gbé adìyẹ tí ọkọ̀ gbá. Bí ó ti dọ̀bálẹ̀ tán, ó ní, “Bàbá, ẹ gbà mí, ó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́.” Mo bi í pé kí ni ó pa á. Ó ní iná ni ó lọ. Mo ní ṣé ọjọ́ náà ni iná ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní Ẹgbẹ́dá ni? Nígbà náà ni ó tó wolẹ̀, tí ó jẹ́wọ́ pé òun ń dá BIOS rẹ̀ padà sí ti àtijọ́ lọ́wọ́, kí òun lè rí ọ̀nà mú pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ sáré ju bí wọ́n ti ṣe é lọ, àti pé ìdajì ni iṣẹ́ náà dé tí àwọn oníná fi mú iná wọn.

Ó yẹ kí n tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan wẹ́wẹ́ tí ó dà bí ìlú tí a dúró lórí òkè wò, ẹ̀rún dúdú kan wà tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Inú rẹ̀ ni a kọ BIOS sí. Ó dà bí ìyálé tí ó máa ń jí kí gbogbo agboolé tó jí: òun ni yóò jí pírósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí yóò ka mẹ́mọ́rì wò bóyá ó pé, tí yóò wo ẹni tí ó wà nílé àti ẹni tí kò sí, kí ó tó fa ilé lé Windows lọ́wọ́. Bí a bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́ tí iná sì lọ, ìyálé ti sùn kò jí nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò jí àwọn tí ó kù. Lóòrèkóòrè ni àwọn tí ó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù máa ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, tí wọ́n á ní kí a fi rọ́pò ti àná. Ní ìgbà púpọ̀ oore ni wọ́n ń ṣe wá, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ohun tí wọ́n mú wá kéré sí ohun tí wọ́n mú lọ.

Èyí tí ó hàn sí gbogbo ayé jù ni ti ọdún 2015 sí 2016. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Intel gbé àwọn pírósẹ́sọ̀ tí wọ́n ń pè ní Skylake jáde ní 2015, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn: èyí tí lẹ́tà K wà nídìí orúkọ rẹ̀, tí owó rẹ̀ ga, ni wọn kò fi ìjánu sí lẹ́nu, tí ẹni tí ó rà á lè sún eré rẹ̀ sókè bí ó ti wù ú, èyí tí kò ní K, ìjánu rẹ̀ bá a dé láti ilé ni. Ìsọdipúpọ̀ sì ni eré pírósẹ́sọ̀: aago kan wà tí ó ń lù ní ìgbà 100 mílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pírósẹ́sọ̀ a sì fi iye tirẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Fún i5-6400, tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí gan-an, 27 ni iye náà, ibẹ̀ ni 2.7GHz ti wá, 27 yẹn ni Intel sì tì pa. Àfi bí ó ti di oṣù Ọ̀pẹ 2015, tí ilé iṣẹ́ Supermicro gbé BIOS kan jáde tí ó fi han àwọn ènìyàn pé bí a kò bá lè fọwọ́ kan 27, aago tí ń lù náà kò ṣòro láti tì síwájú. Ẹni tí ó bá tì í dé 165 mílíọ̀nù, tí ó fi 27 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò rí 4,455 mílíọ̀nù, èyí tí ó lé ní 4.4GHz, nínú pírósẹ́sọ̀ tí ó ra ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ASRock tilẹ̀ fún tirẹ̀ ní orúkọ, ó pè é ní SKY OC. Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn títí ó fi di oṣù Èrèlé 2016, nígbà tí Intel ní kí àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà. BIOS tuntun dé, ọ̀nà dí. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ní láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sí ẹ̀dà tí ó ṣáájú ilẹ̀kùn.

Ọ̀kánjúwà wà nínú ohun tí Intel ṣe, n kò ní fi epo bo iyọ̀. Ẹni tí ó ń ta ẹṣin méjì kò fẹ́ kí èyí tí owó rẹ̀ kéré sáré bá èyí tí owó rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà àtijọ́ yẹn ní ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Bí a bá ti ti aago náà síwájú, apá tí ń ya àwòrán nínú pírósẹ́sọ̀ yóò kú, ìsinmi tí pírósẹ́sọ̀ máa ń ṣe láti dín iná kù yóò kásẹ̀ nílẹ̀, irú ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní AVX, tí àwọn atofídíò ń lò púpọ̀, yóò sì falẹ̀. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé òǹkà tí ń sọ bí pírósẹ́sọ̀ ti gbóná tó kò ní sọ òtítọ́ mọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. A wá fọ́ alákàn lójú tán, a ní kí ó máa sáré.

Síbẹ̀, n kò bá àwọn tí ń pariwo pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn dá BIOS padà lọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2018, nígbà tí ayé gbọ́ nípa àlébù tí wọ́n sọ ní Spectre, tí wọ́n sì fi BIOS tuntun gbé oògùn rẹ̀ káàkiri, àwọn kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n ń jí, láìsí ẹni tí ó pè wọ́n. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà ni Intel fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, tí Dell ní kí ẹni tí ó ti gbé e wọlé padà sí ti àtẹ̀yìnwá, tí HP náà sì gbé ẹ̀dà àtijọ́ padà síta. Àgbò tí ó fẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá. Ọdún 2019 ni òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀: ní oṣù Ọ̀pẹ, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ẹni tí ó bá lè dín fọ́ọ̀tì pírósẹ́sọ̀ Intel kù lọ́nà kan lè jí àṣírí inú rẹ̀, wọ́n pe àlébù náà ní Plundervolt, BIOS tuntun sì ti ilẹ̀kùn fọ́ọ̀tì, ẹni tí ó padà sẹ́yìn nígbà náà ṣí ilẹ̀kùn fún ara rẹ̀, ó ṣí i fún olè pẹ̀lú. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ń bi ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ padà ni pé, kí ni wọ́n torí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn?

Àwa tí a dàgbà láàárín ẹ̀gẹ́ mọ ọ̀rọ̀ ìjánu. Irin kan wà lára ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ tí ó ń ṣọ́ eré rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní gọ́fánọ̀. Bàbá kan ní abúlé wa fi wáyà so tirẹ̀ ní ọjọ́ tí èrò pọ̀, ó lọ ẹ̀gẹ́ bí ẹni tí àńjọ̀nú ń ràn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, kọnrọ́ọ̀dù lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì jáde sí gbangba. Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn Ẹgbẹ́dá, tí páànù orí ṣọ́ọ̀bù ń dún nítorí oòrùn, ìdí ìkòkò ti gbóná kí a tó dáná.

Bí ó bá wá di dandan, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn tí ó mọṣẹ́ ti ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ ka orúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà àtúnṣe tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀, nítorí méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì kí BIOS ọ̀kan pa èkejì. Ojú òpó ayélujára ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é nìkan ni wọ́n ti ń mú ẹ̀dà náà, wọ́n á sì ka ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀, torí pé àwọn ẹ̀dà kan wà tí ó jẹ́ pé bí o bá ti wọlé, kò sí àbọ̀. Wọ́n á wò ó bóyá ẹ̀dà àtijọ́ náà mọ pírósẹ́sọ̀ wọn, nítorí BIOS tí ó ṣáájú pírósẹ́sọ̀ dé ayé kò ní mọ̀ ọ́n bí ó bá rí i, kọ̀ǹpútà kò sì ní jí. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà BIOS tí ó wà nínú ilé lọ́wọ́lọ́wọ́ pa mọ́, wọ́n á kó iṣẹ́ wọn síbòmíràn, wọ́n á kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker sílẹ̀, tí ó jẹ́ nọ́ńbà 48, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Windows lè tì wọ́n síta nínú ilé ara wọn. Gbogbo eré tí wọ́n ti sún sókè ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ kúrò, kí pírósẹ́sọ̀ padà sí bí wọ́n ti bí i. Lẹ́yìn èyí ni fláàṣì tí a ṣe sí FAT32 tó wọlé, inú BIOS fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ti dára jù, kì í ṣe láti inú Windows. Ní ti iná, ẹ má gbọ́kàn lé ti ìjọba; ẹ má sì gbọ́kàn lé jẹnẹrétọ̀ tí epo inú rẹ̀ kò dá yín lójú. UPS tí bátìrì rẹ̀ yè tàbí ínfátà ni kí ẹ fi ṣe é. Nígbà tí ó bá parí, ẹ pa á, ẹ nu ìrántí CMOS rẹ̀, níbi tí ètò BIOS wà, kí ẹ tó máa sún eré sókè ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fún un ní iṣẹ́ líle fún wákàtí mélòó kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Bí ó bá kú náà, kì í ṣe gbogbo òkú ni ilẹ̀ ń jẹ. Mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn ní bọ́tìnnì lẹ́yìn tí a fi lè kọ BIOS láìjí pírósẹ́sọ̀, òmíràn ní BIOS kejì tí ó dúró bí àrólé. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ní èyíkéyìí. A gbé e lọ sí Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi ohun kékeré bí ẹ̀mú di ẹ̀rún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ náà mú, tí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá 3.3 fọ́ọ̀tì ni tàbí 1.8, kí ó tó kọ BIOS sí inú rẹ̀ tààrà láti inú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbà, ìyá ìyàwó kan sì ti wá bú ọmọ náà ní ojú ọjà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdájọ́ tèmi ni pé ẹni tí ó ra nǹkan ni ó ni ín, kí àwọn tí ń ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù má ṣe yọ ẹ̀dà àtijọ́ kúrò lójú òpó wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà bí ẹ̀dà tuntun bá jẹ́ ọ̀nà aláìlábọ̀, nítorí àwa tí a ń ra tòkunbọ̀ ni a máa ń dé ibi tí ilẹ̀kùn ti tì kí a tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ènìyàn fi ń jẹun, kí ó má ṣe fi í dán an wò. Owó tí ọmọ náà ìbá fi ra fáànù ńlá tí yóò máa mú pírósẹ́sọ̀ tutù, SSD ni mo ní kí ó fi rà. Kọ̀ǹpútà náà ti wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí, ó ń to fídíò ní eré tí wọ́n bí i mọ́, UPS kan sì wà lábẹ́ rẹ̀.